Òpó Tí Kò Gbé Òrùlé

Iṣẹ́ tí mo fi ayé mi ṣe kò ní orúkọ kan pàtó lẹ́nu wa: èmi ni mò ń wá iṣẹ́ ọnà sínú ilé tí àwọn akítẹ́ẹ̀tì bá yà. Akítẹ́ẹ̀tì á ní mo fẹ́ràn igi jù, agbẹ́gilére á ní aṣojú òyìnbó ni mí. Àárín àwọn méjèèjì ni mo darúgbó sí, ó sì ti sú mi.

Òpó àkọ́kọ́ ni kò jẹ́ n sinmi. Òmìnira kò tíì dé nígbà náà, wọ́n ń ro igbó Ìkẹjà kọ́ ilé-iṣẹ́. Ọ̀gá mi ní kí n wá òpó gbígbẹ́ kan sí gbọ̀ngán ọ́fíìsì tuntun. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ Agége, mo bá bàbá kan ará Ọ̀yọ́ tó ń gbẹ́gi lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí.

Ohun tí Bàbá kọ́kọ́ bi mí ni pé, “Kí ni òpó yìí máa gbé?”

Mo mọ̀ pé kọnkéré ló máa gbé gbogbo rẹ̀, pé ẹwà lásán ni òpó náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí pé bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á lé mi jáde. Mo ní, “Òrùlé ni, Bàbá.”

Ìrókò tó ki pọ́pọ́ ni wọ́n yàn. Wọ́n gbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè tó gbé irin léjìká sí i. Wọ́n á mú ọ̀bẹ dé àárín apá àti ìhà àwọn ère náà, wọ́n á tún gbé e kúrò. Mi ò bi wọ́n nídìí rẹ̀.

Irọ́ tí wọ́n ní ó máa ń lọ fún ogún ọdún, tèmi ò lo oṣù mẹ́fà. Lọ́jọ́ ìṣílé, Bàbá wo òkè, wọ́n na ọ̀pá wọn sáàárín òpó àti àjà. Ọ̀pá náà gbabẹ̀ kọjá; òpó ò kan àjà.

Mo dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. Mo rò pé ẹ ò ní gbà ni.”

Wọn ò bínú. Ìbá sàn kí wọ́n bínú.

“Nítorí òrùlé ni mi ò ṣe dá ihò sáàárín apá àti ìhà wọn,” ni wọ́n wí. “Mò ń bẹ̀rù kó má wó lu èèyàn. Gbogbo ayé mi, ilé ni igi mi ń gbé ró. Ká ní o sọ fún mi ni, ǹ bá jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá.”

Mo ní kí wọ́n gbẹ́ òmíràn. Wọ́n ní èyí làwọn fi kásẹ̀ iṣẹ́ nílẹ̀, pé àná làwọn pín ọ̀bẹ àwọn fáwọn ọmọ.