Búrẹ́dì Omi Ògì

Tí òórùn omi ògì kíkan bá ti kàn mí nímú, ojú ààrò agboolé wa ní Pópó Yemọja ni mo máa ń rántí, àti ìyá mi tó kúnlẹ̀ níbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tó ń ṣe búrẹ́dì.

Ó ti rí i bí obìnrin ará Èkó kan tó ń bá fọṣọ ní Òkè Padre ṣe ń ṣe é. Ẹmu ni tọ̀hún fi ń mú ìyẹ̀fun wú, Mùsùlùmí sì ni wá.

"Ẹmu ò ní wọlé yìí," ni ìyá bàbá mi wí.

"Kò ní wọlé, ìyá. Ẹ fọkàn balẹ̀."

Omi ògì ló fi po ìyẹ̀fun náà dípò ẹmu, ẹ̀ẹ̀mẹta. Àkọ́kọ́ le bí òkúta, èkejì jóná. Ó gbé ìkẹta sóòrùn títí ó fi wú, ó gbé e sínú ìkòkò, ó dín iná ìsàlẹ̀ kù, ó sì kó ẹ̀yinná lé ọmọrí.

"Tí eléyìí náà bá bàjẹ́ ńkọ́?" ni mo bi í.

"Kò ní bàjẹ́. Fẹ́ iná òkè."

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ yẹn ni bàbá mi, tó lọ ṣiṣẹ́ ojú irin, ránṣẹ́ pé òun ò bọ̀ mọ́.

Nígbà tí ìyá mi ṣí ìkòkò, búrẹ́dì ti wú, ó pọ́n dáadáa. Ìyá àgbà gbóòórùn rẹ̀ títí, ó ṣe bísímílà, ó fi sẹ́nu. Ó wọ yàrá lọ, ó gbé àtẹ rẹ̀ jáde, ó ń fi etí ìró nù ún.

"Wá ìyẹ̀fun sí i," ló wí fún ìyá mi. "Èmi ni n ó máa tà á ní Ọjà'ba."