Agolo Fíìmù Inú Fírísà Àlímọ̀t

Ọgbọ̀njọ́ oṣù Kejìlá ọdún 2010 ni ilé-iṣẹ́ tó gbẹ̀yìn láyé tó ń fọ fíìmù Kodachrome gba èyí tó kẹ́yìn wọlé. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá ra Kodachrome, kò sí ẹni tí yóò bá a fọ̀ ọ́ kó yọ àwọ̀ mọ́. Mọ̀núrù Àyìndé mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọlọ́jà Ìdúmọ̀tà kò mọ̀, ìdí sì nìyẹn tó fi ń wò wọ́n bí ẹni ń wo eṣinṣin lórí ọbẹ̀.

Akọ̀wé wáàfù ni Mọ̀núrù tẹ́lẹ̀. Ó ti fẹ̀yìn tì, ẹnu rẹ̀ nìkan ni kò tíì fẹ̀yìn tì. Ó ní ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni òun. Káàdì ìdìbò rẹ̀ ní mọ́kàndínláàádọ́rin. Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ló dàgbà sí, nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí baba rẹ̀ kọ́ ní 1962. Baba náà ní kámẹ́rà sinimá kékeré kan tí wọ́n máa ń fi kọ́kọ́rọ́ yí bí aago àtijọ́. Òun ló fi ya fíìmù lọ́jọ́ tí wọ́n kan òrùlé ilé náà: àwọn káfíńtà ń rẹ́rìn-ín lókè, ìyá Mọ̀núrù ń ru omi kọjá nísàlẹ̀.

Ẹbí ti ta ilé náà báyìí. Ọjọ́ Ajé ni katapílà ń bọ̀ wá wó o. Ohun kan ṣoṣo ni Mọ̀núrù ń fẹ́: kí ojú kámẹ́rà tó rí ilé náà lọ́jọ́ tí wọ́n bo orí rẹ̀ tún rí i kó tó di ilẹ̀.

"Bọ̀dá, ẹ jẹ́ kí n fi fóònù yà á," Memunat àbúrò rẹ̀ sọ.

Mọ̀núrù pòṣé. "Fóònù? Èyí tí wọ́n fi ń ya ìrẹsì lórí tábìlì? Gbé e kúrò níwájú mi jàre."

Lọ́jọ́bọ̀, ó kọrí sí Ìdúmọ̀tà láti wá fíìmù tí yóò bá kámẹ́rà náà mu. Ọkùnrin Ìjẹ̀bú kan tó ń ta rédíò lọ wá páálí Kodachrome kan jáde lábẹ́ káúntà, ó fi aṣọ nù ún.

"Orijínà ni, Daddy."

"Ó ti kú kí ìwọ tó mọ ẹnu í nù."

"Ṣùgbọ́n wọn ò tíì ṣí i rárá!"

"Òkú inú pósí náà, wọn ò ṣí i."

Ọkùnrin náà kò bínú. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kó lọ bá Àlímọ̀t, Ìyá Bilqis, tó ń ta léèsì ní Balógun, pé fọ́tògíráfà kan ti gbé ilé rẹ̀ rí. Mọ̀núrù kò dúpẹ́. Ó kàn yí ẹ̀yìn padà.

Láàárọ̀ Sátidé, ó bá Àlímọ̀t nílé ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Obìnrin náà ṣí fírísà, ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ pánlá tó ti dì, ó fa agolo pẹlẹbẹ kan yọ.

"Fúnṣọ́ fọ́tògíráfà ló fi í sílẹ̀ nígbà tó ń lọ sí Kánádà. Ó ní, 'Màmá, ẹ má jẹ́ kó kúrò nínú òtútù.' Ọdún mẹ́rìndínlógún rèé. Bí NẸ́PÀ bá mú iná lọ, yìnyín ni mò ń rà."

Mọ̀núrù gbé awò sójú. Dúdú-òun-funfun ni, irú èyí tí èèyàn lè fọ̀ nílé. Ìwọ̀n rẹ̀ bá kámẹ́rà mu, téèpù tí wọ́n fi dì í lẹ́nu kò tíì ṣí. Àyà rẹ̀ fò fáyọ̀. Ẹlòmíràn ì bá ti dọ̀bálẹ̀. Mọ̀núrù fi ọwọ́ dí imú.

"Òórùn pánlá rèé! Ta ní ń fi irú nǹkan báyìí sáàárín ẹja?" Ó mi agolo náà létí. "Kí ló tiẹ̀ dá mi lójú pé nǹkan wà nínú ẹ̀? Mo mọ̀ yín, ẹ̀yin ọlọ́jà. Ọ̀pá mẹ́rin lẹ máa ń pè ní márùn-ún."

Ojú Àlímọ̀t yí padà. "Alhaji, ogójì ọdún ni mo ti ń ta léèsì. Kò sẹ́ni tó pè mí lólè rí."

"Gbogbo yín lẹ máa ń sọ bẹ́ẹ̀."

"Ó dáa. Báwo ni wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò?"

"Ìyá Bilqis, ẹ gbájú mọ́ léèsì yín. Iṣẹ́ ọmọwé leléyìí."

Gbólóhùn kan péré ló yẹ kó sọ: pé fíìmù tí ìmọ́lẹ̀ bá kàn kó tó wọ inú kámẹ́rà ti bàjẹ́ nìyẹn. Ó mọ̀ ọ́n. Lójú tirẹ̀, ẹni tó bá ń ṣàlàyé ìyẹn fún aláṣọ ń rọ omi sínú agbọ̀n ni. Ó gbé agolo sórí àpótí, ó ní òun ń lọ gbé kámẹ́rà wá. Títí tó fi dé Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó tó sì tún padà, bí yóò ṣe ya ilé náà ló ń rò: géètì kọ́kọ́, lẹ́yìn náà àtẹ̀gùn, lẹ́yìn náà fèrèsé yàrá ìyá rẹ̀.

Ní Balógun, bí oníbàárà bá pe aláṣọ lólè, aláṣọ tó mọ iṣẹ́ kì í jà. Ṣe ni yóò gbé aṣọ jáde sóòrùn, yóò tú u dé ọ̀pá tó kẹ́yìn, yóò nà án sókè kí oníbàárà fojú ara rẹ̀ rí i pé kò ya, kò sì dín. Bí Àlímọ̀t ṣe ń fọ orúkọ rẹ̀ mọ́ láti ogójì ọdún nìyẹn.

Nígbà tí Mọ̀núrù padà dé, kámẹ́rà lọ́rùn, ọ̀sán ti pọ́n gan-an. Àlímọ̀t dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀. Agolo ti ṣófo lórí àpótí. Fíìmù náà ká kiribiti sórí ẹní mímọ́ tó tẹ́ sílẹ̀, obìnrin náà sì fi ọwọ́ méjèèjì na ìparí rẹ̀ sójú oòrùn.

"Alhaji, ẹ wá wò ó," ó ní, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. "Ọ̀pá mọ́kànlá gbáko. Kò ya níbì kankan. Ihò etí ẹ̀ yẹn, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Ṣé mo wá purọ́ fún yín báyìí?"