Ogún Sẹ́kọ́ǹdù

Ẹ má wulẹ̀ béèrè orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Aláago ni gbogbo ilé iṣẹ́ ọṣẹ ń pè é. Òun ló ń kọ àṣẹ sínú àpótí kékeré tó ń darí àwọn ẹ̀rọ. Àpótí náà á ka àṣẹ láti òkè dé ìsàlẹ̀, á tún padà sókè, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa yípo láìsinmi. Kò ní béèrè pé ṣé orí ẹni tó kọ ọ́ pé.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó fi aago tuntun sí ilẹ̀kùn ẹ̀rọ tó ń po ọṣẹ. Bí wọ́n bá pa ẹ̀rọ yẹn, abẹ inú rẹ̀ kì í dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Nítorí náà, aago á ka ogún sẹ́kọ́ǹdù kí ilẹ̀kùn tó ṣí fún ẹni tó fẹ́ nu inú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni ẹni náà, òun ló tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wọn.

Ó dán aago náà wò títí ó fi sú u. Ta ló fẹ́ máa dúró ogún sẹ́kọ́ǹdù nígbà ogójì? Ó bá yí ogún sí méjì kí iṣẹ́ lè yá. Gbogbo àwọn tó ń kọ àṣẹ fún ẹ̀rọ ló ń ṣe é, ẹ má jẹ́ kí wọ́n parọ́ fún yín! Ó parí, ó fọwọ́ síwèé, ó lọ jẹun.

Ó ń fi ṣíbí ro tíì lọ́wọ́ ni. Ó yọ ṣíbí kúrò, tíì ṣì ń yí nínú ife bí abẹ inú ẹ̀rọ. Yéè! Kò dá ogún padà!

Ó ki eré mọ́lẹ̀, àga ṣubú, kò wẹ̀yìn. Bó ṣe ń wọlé ló gbọ́ tí ẹ̀rọ kú. Ọ̀kan. Méjì. Ilẹ̀kùn ṣí.

“Àǹtí mi, ẹ má kiwọ́ bọ̀ ọ́!”

Ó fà á sẹ́yìn, àwọn méjèèjì ṣubú lulẹ̀. Àkísà ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bọ́ sínú ẹ̀rọ, abẹ sì fà á ya wẹ́lẹwẹ̀lẹ lójú wọn.

“Èmi ni mo jẹ̀bi. Mo dín aago kù, mo wá gbàgbé.” Ó ń sunkún bí ọmọdé.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì, ó ń yí wọn síwá sẹ́yìn.

“Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń nu ẹ̀rọ yìí,” ó ní. “Ẹnu ni mo fi ń ka ogún lójoojúmọ́ kí n tó ṣílẹ̀kùn. Òní nìkan ni mi ò kà á. Wọ́n ní ìwọ lo fi aago síbẹ̀, mo ní ó ti parí, àbúrò mi ló ṣe é.”