Ògì Nílé Oúnjẹ Màmá Mẹ́síkò

Màmá Mẹ́síkò ti ìka kan bọ báàkẹ́ẹ̀tì, wọ́n wo omi funfun tó ń kán lọ́wọ́ wọn. Ìyá mi dúró níwájú wọn, wọ́n ń nu ọwọ́ tó ti gbẹ tipẹ́. Òórùn àgbàdo tútù gba gbogbo ilé ìdáná. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, orí àpò ẹ̀wà ni mo jókòó sí, mo sì mọ̀ pé omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

Àwa la sọ wọ́n ní Màmá Mẹ́síkò, nítorí oúnjẹ ìlú wọn tí wọ́n ń tà ní Peckham. Wọ́n ti wà níbẹ̀ kí káńsù tó wó àwọn ilé North Peckham, wọ́n sì wà níbẹ̀ nígbà tí tuntun dìde. Ṣọ́ọ̀bù bàtà ẹ̀gbẹ́ wọn di ti onídìrí, ti onídìrí di ti oní-fóònù. Tiwọn kò yẹ̀.

Ìyá mi wáṣẹ́ títí kí Màmá tó gbà wọ́n láti máa fọ abọ́. Iṣẹ́ yẹn la fi ń jẹun. Ní Sátidé yẹn, ẹsẹ̀ ń dun Màmá, wọ́n sì ti fún ìyá mi ní kọ́kọ́rọ́ kí wọ́n wá ṣílẹ̀kùn, kí wọ́n gbálẹ̀. Ìyá mi bá àgbàdo tí Màmá ti rẹ sómi láti àná. Ẹ gbà mí o, ọmọ Yorùbá wo ló máa rí àgbàdo nínú omi tí kò ní ronú ògì? Wọ́n káṣọ ró, wọ́n ní "Bismillahi," wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n bomi sí i dáadáa, wọ́n fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ, wọ́n da eèrí nù. Inú wọn ń dùn pé ọ̀gá á dé bá iṣẹ́ tó ti parí.

Tọ̀tíyà ni àgbàdo yẹn wà fún, búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń wé ẹran. Kò gbọ́dọ̀ ṣàn. Oníbàárà ń bọ̀ lọ́sàn-án, kò sì sí òmíràn nílẹ̀.

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́, I'm so sorry, ma. Mo rò pé mò ń help yín ni." Ìyá mi kúnlẹ̀, wọ́n sì gbé kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì.

"Dìde," ni Màmá Mẹ́síkò wí. "Ta ló kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń sẹ́ ẹ báyìí?"

"Ìyá mi ni, ma."

Màmá bu díẹ̀ sí ìkòkò, wọ́n gbé e kaná, wọ́n ń ro ó. Wọ́n ju sínámọ́nù àti ṣúgà pupa sí i. Nígbà tó hó, wọ́n bu kọ́ọ̀bù kan, wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n sì wá àga jókòó.

"Atóle," ni wọ́n wí. "Ìyá mi máa ń fún mi mu kí n tó lọ sílé ìwé. Mi ò se é rí láti ìgbà tí mo ti dé London. Mo rò pé kò sẹ́ni tó máa rà á."

Wọ́n fẹ̀yìn ọwọ́ nujú, wọ́n sì ti kọ́kọ́rọ́ padà sọ́dọ̀ ìyá mi. "Sátidé tó ń bọ̀, báàkẹ́ẹ̀tì méjì. Má fọwọ́ kan àgbàdo tọ̀tíyà tèmi o."

Lọ́sàn-án, àwọn oníbàárà kan pòṣé, wọ́n bá tiwọn lọ. Àwọn tó dúró mu atóle lọ́fẹ̀ẹ́.

Màmá ti kú. Ọmọ wọn ló ń tà báyìí, atóle sì wà lára oúnjẹ tí wọ́n kọ sára ògiri. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Màmá títí dòní, nítorí wọn ò jẹ́ kí ojú ti ìyá mi níṣojú mi.

Ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ni mo ti ń ṣe ọ̀gá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ba ọbẹ̀ ọ̀sán jẹ́, ó dúró, ó ń nu ọwọ́ tó ti gbẹ. Mo ti lanu láti pariwo. Mo pa ẹnu mi dé, mo mú ṣíbí, mo ní kó bu díẹ̀ fún mi kí n tọ́ ọ wò.