Ẹni Tí Kì Í Mu Tíì

Ọ̀rọ̀ tíì ló máa ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín èmi àti ọkùnrin kan. Káńsẹ́lọ̀, aṣojú nínú ìjọba ìbílẹ̀, ni àwa méjèèjì ní Peckham nílùú Òyìnbó, inú ẹgbẹ́ òṣèlú kan náà la wà. Ọmọ ìjọ Mọ́mọ́nì ni, wọn kì í sì í mu tíì. Bí a bá wọlé olùdìbò ládùúgbò Nunhead tí wọ́n gbé tíì wá, omi gbígbóná lásán ni yóò tọrọ.

Màá ní, "Brother, ẹ kàn fẹnu kàn án, ìbò là ń wá!"

"Ẹ má bínú, Aunty."

Nígbà tó kan ìbò lórí títi ilé tí àwọn àgbàlagbà ti ń pàdé lẹ́yìn Rye Lane pa, olórí ẹgbẹ́ pè wá jọ, ó po tíì fún wa, ó ní ẹni tí kò bá nawọ́ pé kí wọ́n tì í, kí ó kó ẹrù rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ́. Mo mu tèmi tán. Òun tọrọ omi gbígbóná.

Nígbà tí a dé gbọ̀ngàn ìdìbò, gbogbo àwa yòókù nawọ́ sókè. Ọwọ́ tirẹ̀ kò kúrò lórí itan. Láti kékeré ni ìjọ rẹ̀ ti kọ́ ọ láti sọ pé rárá lójú agbo. Ó ti mọ́ ọn lẹ́nu.

Ìyá mi wà lára àwọn àgbàlagbà tó máa ń lọ sílé yẹn. Nígbà tí mo délé, wọ́n ní àwọn gbọ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló gbèjà àwọn. Wọ́n di ọwọ́ ọ̀tún mi mú.

"Mo mọ̀ pé ìwọ ni. Jókòó, jẹ́ kí n po tíì fún ọ."