Àpótí Acha Tí Mo Fi Ṣe Àkọ́so

Ogun abẹ́lé ti parí bí ọdún márùn-ún nígbà tí mo ń tọ́jú oúnjẹ ní ilé ẹ̀kọ́ girama àwọn ọmọbìnrin kan ní Jos. Lọ́jọ́ kan, eyín ọmọ kan kán nínú yàrá ìjẹun. Acha ni wọ́n ń jẹ, ọkà wẹ́wẹ́ tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, tí àwọn ará orí òkè wa ń gbìn. Iyanrìn máa ń pọ̀ nínú rẹ̀. Obìnrin mẹ́ta ló ń fi igbá fọ̀ ọ́ láti ìdájí. Wọn á da omi sí i, wọn á mì í, wọn á rọra da ọkà sínú igbá kejì kí iyanrìn lè ṣẹ́ kù sí ìsàlẹ̀. Síbẹ̀, ọmọ náà fi ọwọ́ bo ẹnu wá bá mi, ó sì na èérún eyín náà sí mi.

Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní ibi ìwakùsà kan lọ́nà Zawan. Mo ti rí i níbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń da omi àti erùpẹ̀ sórí pákó gígùn tí wọ́n gbé orí rẹ̀ ga ju ìdí rẹ̀ lọ, tí wọ́n kan igi tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ní ìbú. Kùsà wúwo, igi á dá a dúró. Iyanrìn á bá omi lọ. Mo wá rò ó pé iyanrìn náà wúwo ju acha lọ. Bí mo bá ṣe irú rẹ̀ kékeré, iyanrìn ni yóò dúró, acha ni yóò bá omi lọ. Mo ya á sínú ìwé ìṣirò àwọn ọmọ mi: gígùn rẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, ìdènà mẹ́jọ, ìka mẹ́rin láàárín ọ̀kan sí èkejì.

Àbúrò ọkọ mi, tó jẹ́ olùkọ́, ló sọ fún wa nípa ìwé pátẹ́ǹtì. Ó ní ìjọba á kọ orúkọ ẹni tó dá nǹkan tuntun sílẹ̀, ẹlòmíràn kò sì ní lè ṣe é tà láìgba àṣẹ rẹ̀.

“Ìyàwó wa, fi àwòrán yìí ránṣẹ́ sí Èkó báyìí,” ó wí.

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. “Àwòrán inú ìwé ọmọdé? Kí ó ṣe é ná, kí wọ́n rí i pé ó ń ṣiṣẹ́.”

“Bọ̀dá, ṣé wọ́n ní àwọn fẹ́ rí i ni?”

“Ta ló ń sọ ọmọ lórúkọ nínú oyún?”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, èmi náà sì gbà. Mo fẹ́ ìwé náà. Láti ìgbà tí mo ti kúrò ní ilé ìwé, orúkọ mi kò tíì hàn lórí nǹkan kan ju ìwé ìgbéyàwó àti ìwé owó oṣù lọ.

Oníṣẹ́ páànù kan ní Jenta Adamu ló bá mi ṣe àpótí náà. Ìgbà àkọ́kọ́, iyanrìn àti acha jọ ṣàn lọ. Ìgbà kejì, àwọn méjèèjì jọ dúró.

“Kai, Madam!” ó wí. “Ṣé ìrẹsì ti tán lọ́jà ni?”

Ó tó ọdún kan kí ìkẹta tó jáde. Mo se acha tó fọ̀, mo di ojú mi, mo jẹ ẹ́ lẹ́nu. Kò sí ohun tó dún.

Ìyá mi ń gbé lọ́dọ̀ wa ní Tudun Wada nígbà náà. Nínú ilé wa, àkọ́so kì í ṣe iṣu àti àgbàdo nìkan. Owó oṣù àkọ́kọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi gbà, ṣọ́ọ̀ṣì ló gbé e lọ. Aṣọ àkọ́kọ́ tí mo fi ọwọ́ mi rán náà, ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ìkórè sì ku ọ̀sẹ̀ méjì.

“Mà, mo fẹ́ gbé e lọ sí Èkó ni,” mo wí.

“Ṣé Èkó ló fún ọ ní ọpọlọ tí o fi rò ó ni? Ọlọ́run lo máa fún ní àkọ́kọ́. Kí oníṣẹ́ páànù ṣe òmíràn fún Èkó.”

N kò rí àbùkù nínú ọ̀rọ̀ yẹn.

Lọ́jọ́ ìkórè, wọ́n ní kí n fi bó ṣe ń ṣiṣẹ́ han ìjọ. Mo da acha àti omi sí i lójú gbogbo wọn, mo sì ṣàlàyé ìdí tí ìdènà fi jẹ́ mẹ́jọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìyá mi jó. Lẹ́yìn náà, wọ́n lu gbànjo rẹ̀ pẹ̀lú àwọn iṣu àti adìẹ. Àlejò kan tó ní ilé iṣẹ́ àwọn tó ń jó irin nígboro ló rà á. Inú mi dùn pé kò jẹ́ kí ó lọ ní ọ̀pọ̀.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, èmi àti ọkọ mi gbé òmíràn tí oníṣẹ́ páànù ṣe lọ sọ́dọ̀ lọ́yà kan. Kò wo àpótí. Ìwé ìṣirò ló ń wò.

“Ìgbà wo lẹ ya èyí?”

“Èṣí, sà.”

“Èyí nìkan ti tó láti èṣí. Àlàyé àti àwòrán tí oníṣẹ́ lè tẹ̀ lé ni òfin ń béèrè. Wọn kì í béèrè àpótí.” Ó mú gègé rẹ̀. “Ṣé ẹnikẹ́ni ti rí i?”

Mo sọ ti ìkórè fún un. Ó gbé gègé náà sílẹ̀.

“Gbogbo ìjọ?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mo tún ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn.”

Ó ní ohun tí gbogbo ayé ti rí, tí wọ́n sì ti rà, kì í ṣe ohun tuntun mọ́ lójú òfin.

“Kódà bó jẹ́ èmi fúnra mi ni mo fi hàn wọ́n?”

“Kódà bó jẹ́ ẹ̀yin.”

Ọkọ mi wúkọ́. “Sà, ta ló máa sọ ohun tí wọ́n ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì Jos fún Èkó?”

Lọ́yà náà ti ìwé kan sí iwájú mi. Ibì kan wà níbẹ̀ tí n ó ti buwọ́ lù ú pé, ní ìwọ̀n tí mo mọ̀, ohun tuntun ni. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo dá a padà láìbuwọ́ lù ú. Ọkọ mi ń bínú títí a fi dé ilé. Mo fẹ́ bi í léèrè ẹni tó ní kí n ṣe é ná, ṣùgbọ́n n kò bi í.

Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e, àpótí náà ti kún ọjà. Páànù kò tó oníṣẹ́ mi nígbà tó ń ṣe èyí tí mo gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ìdènà keje fi ìka kan kúrú. Nínú gbogbo èyí tí mo rí lọ́jà, ìdènà keje fi ìka kan kúrú.

Ìyá mi ra ọ̀kan wálé. “Ìyá Ìbejì, wá wo ohun tí Ọlọ́run ṣe! Ẹyọ kan tí a fún un, wo bó ṣe sọ ọ́ di púpọ̀! Ìwé ìjọba ńkọ́?”

“Ó ń bọ̀, Mà.”

Ìkórè kọ̀ọ̀kan ló ń béèrè, ó sì ń sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé ó ń bọ̀. Ó tó ọdún mẹ́sàn-án bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àìsàn dá a dúbúlẹ̀, ó tún béèrè, mo sì sọ pé ó ti dé.

“Kà á kí n gbọ́.”

Kò mọ̀wé kà. Mo mú lẹ́tà kan tí wọ́n kọ sí mi láti ibi iṣẹ́, mo ṣí i lójú rẹ̀. Mo ka orúkọ mi sókè. Mo ka ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, mo ka ìdènà mẹ́jọ, mo ka ìka mẹ́rin.

“Ṣé wọ́n kọ orúkọ bàbá rẹ mọ́ ọn?”

“Wọ́n kọ ọ́, Mà.”