Kòjókòó Kì í Wọkọ̀

Ta ni kò tíì gbọ́ ìtàn ọjọ́ tí wọ́n gbé Kòjókòó sínú ọkọ̀, tó ní àfi kí wọ́n gbé òun padà? Ọkùnrin yìí ń fẹsẹ̀ rin orílẹ̀-èdè já, láti ẹnubodè títí dé etí òkun, kí aráyé lè dáwó fún ilé ìwòsàn. Oòrùn mú un lọ́nà, ó ṣubú gbalaja sẹ́bàá títì. Awakọ̀ kan tó kó búlọ́ọ̀kù ṣàánú rẹ̀, ó gbé e sókè, ó wọ́n omi sí i lójú. Kí Kòjókòó tó lajú, wọ́n ti kọjá odò kan àti ìlú méjì.

"Níbo la wà yìí?"

"Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ọ̀dọ̀ dókítà."

"Ta ló bẹ̀ ọ́? Gbé mi padà síbi tó o ti rí mi!"

"Ẹ gbà mí o! Bàbá, ẹ dákú ni!"

"Mo gbọ́. Ẹsẹ̀ mi ni wọ́n dáwó fún, wọn ò dá a fún táyà rẹ. Tí mo bá fi mọ́tò jí ọ̀nà, olè ni mí."

Awakọ̀ rojọ́ títí, ó sú u, ó yí orí ọkọ̀ padà. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, Kòjókòó sọ̀ kalẹ̀, ó wo ilẹ̀, ó wòkè, ó mirí. "Mi ò tíì dé ìdí igi yìí kí n tó ṣubú. Sún ẹ̀yìn díẹ̀ sí i."

Awakọ̀ yìí ló fi fóònù bàbá pe ìyàwó rẹ̀ nílé. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé bí bàbá yìí ṣe máa ń ṣe nìyí?"

"Ọmọ mi," obìnrin náà dáhùn, "nílé ló ti le jù."

Ó kúkú mọ ohun tó ń sọ. Bàtà ni ọkọ rẹ̀ ń rán, ìdúró ló sì fi ń rán an. Àwọn aránbàtà yòókù á jókòó ti òòlù àti abẹ́rẹ́ wọn. Tiẹ̀ á wà lórí tábìlì gíga, òun á máa yí i po. Ìdúró ló fi ń jẹun. Nínú fọ́tò ìgbéyàwó wọn, ìyàwó hàn kedere, ọkọ tí kò dúró sójú kan dà bí èéfín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá ìyàwó wò ó títí, ó ní, "Ọmọ mi, ta gan-an lo fẹ́?"

Nírọ̀lẹ́, orin kan náà ni. "Aya mi, dìde, ká rìn dé orí afárá ká padà."

"Olówó orí mi, orúnkún ń dùn mí. Ó dọ̀la." Ọ̀la yẹn ò sì dé rárá.

Lọ́jọ́ kan, bàtà nọ́ọ̀sì kan ni Kòjókòó lọ gbé fún un ní ilé ìwòsàn, ló bá rí àwọn ìyá aláìsàn tí wọ́n sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó délé, kò lè jẹun.

"Ìyá ọlọ́mọ fi bàtà ṣe ìrọ̀rí! Bàtà! Wọn ò ní yàrá kan tí wọ́n lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sí."

"Kí lẹ fẹ́ ṣe sí i?"

"Màá rìn."

"Ẹsẹ̀ yín ni wọ́n fẹ́ fi kọ́lé ni?"

Ṣùgbọ́n ta ló máa dá a dúró? Ó rán bàtà tuntun fún ìrìn náà, ó fọ́nnu káàkiri pé bàtà yìí á rin ayé já. Kó tó di ọjọ́ kejì, ẹsẹ̀ ti bó. Ó ní bàtà òun ò ní àbùkù kankan, ọ̀nà ni wọn ò rán dáadáa. Sálúbàtà onírọ́bà ló fi rin ìyókù.

Bí awakọ̀ bá sì dúró pé kó wọlé lọ́fẹ̀ẹ́, á ní, "Èló lo máa san kí n má wọlé? Ṣebí epo rẹ ni mò ń bá ọ dá sí." Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń sanwó.

Nígbà tó ku ìlú kan kó dé òkun, ó pe ìyàwó rẹ̀. "Aya mi, wọkọ̀ wá bá mi, ká jọ rin èyí tó kù."

"Orúnkún mi ńkọ́?"

"Kò burú. Ọ̀nà ò ní sá lọ."

Òun nìkan ló dé etí òkun. Wọ́n kọ́ yàrá náà, àwọn ìyá ń sùn níbẹ̀ dòní. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ fóònù yẹn há obìnrin náà lọ́kàn fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó wọ pálọ̀, ó rí ọkọ rẹ̀ lórí àga, ó jókòó jẹ́ẹ́. Kò tiẹ̀ tíì fọwọ́ kàn án tó fi figbe ta.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, wọ́n gbé pósí sínú ọkọ̀, ọkọ̀ gbéra. Wọn ò tíì ju oríta lọ tí opó fi pariwo, "Ẹ dúró! Ẹ gbé e padà!"

"Màmá, kí ló dé?" ọmọ rẹ̀ ọkùnrin bi í.

"Ẹ gbé e padà sẹ́nu ọ̀nà. Bàbá yín kì í wọkọ̀."

Awakọ̀ búlọ́ọ̀kù ọjọ́sí wà láàárín èrò, orí rẹ̀ ti funfun. Òun ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ sún ẹ̀yìn dáadáa o! Tẹ́ ẹ bá jí ẹsẹ̀ bàtà kan péré, á dá yín padà." Gbogbo èèyàn ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú wọn. Wọ́n padà, wọ́n gbé e lé èjìká.

Ọmọ ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ fún ìyá rẹ̀. "Ẹ̀yin ẹ wọlé, Màmá. Itẹ́ òkú jìnnà, ó kọjá afárá. Orúnkún yín ńkọ́?"

"Kó máa dùn mí lọ́la."

Ìyá wọ inú ilé lọ, ó jáde pẹ̀lú sálúbàtà onírọ́bà yẹn lẹ́sẹ̀, ó tóbi jù ú lọ. Ó lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí, ó fọwọ́ kàn án.

"Olówó orí mi, mo ti dìde. Ó yá, ká rìn."